Ọ̀dà Ọkọ̀ Olúọdẹ àti Ohùn Ìyá Wa

Tìámíyù, pa á. Mo ní kí o pa ohun tó ń kùn nínú ọkọ̀ rẹ yẹn, kí n tó bínú dìde kúrò níwájú ṣọ́ọ̀bù yìí. Ìwọ ń gbọ́ orin nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n híìì ni èmi ń gbọ́, híìì, bí ẹ̀fọn tó kó sí ènìyàn létí. Ẹ wo irun apá mi bó ṣe dìde! Ẹkùn ti dúró níwájú mi rí, irun yìí kò dìde. Erin ti fi ọwọ́jà rẹ̀ ṣí fìlà lórí mi rí, mo gba fìlà mi padà, mo sì kí i pé ó ṣeun. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbọ́ híìì yẹn, ẹsẹ̀ mi á máa wá ọ̀nà tí yóò gbà sá lọ.

Ó dára, ẹ jókòó. Ẹni tó ní iṣẹ́ lọ́wọ́, kó gbé e sílẹ̀. Ẹni tí ìyàwó ń retí nílé, kó ránṣẹ́ sí i pé àgbà ọdẹ ti dá òun dúró. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ti ẹran tí mo pa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bí mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìyẹn, irùngbọ̀n á hù lágbọ̀n ẹ̀yin ọmọdé yìí kí n tó dé ìdajì. Ìtàn àbúrò mi ni, Súbérù, rewáyà tí í tún wáyà iná ọkọ̀ ṣe, òun ló ni ṣọ́ọ̀bù yìí kó tó di ti ọmọ rẹ̀. Ó sọ ọ́ fún mi títí ó fi dàgbà, títí mo fi mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ lọ́jọ́ náà ju bí òun fúnra rẹ̀ ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Nítorí náà, ibi tí n kò bá sí nínú ìtàn yìí, ẹ gbà pé mo wà níbẹ̀.

Àwa méjì ni ìyá wa bí. Nígbà tí wọ́n bí mi, bàbá wa ṣì ń bọ Ògún, ó sọ mí ní Ọdẹ́kúnlé, Àlàó sì ni oríkì mi. Nígbà tí wọ́n fi máa bí àbúrò mi, ó ti ń kírun, ó sọ ọ́ ní Súbérù. Èmi gba ìbọn, àbúrò mi gba sípánà. Wúràọlá ni orúkọ ìyá wa, ohùn rẹ̀ kò sì láfiwé. Bó bá dúró lẹ́yìnkùlé tó pè wá wá jẹun, àwọn ará abúlé kejì á máa sọ fún àwọn ọmọ tiwọn pé, "Ẹ gbọ́, Wúràọlá ti se ọbẹ̀."

Ní Òkè-Ẹfọ̀n, ìlú wa, a ní àṣà kan. Bí ọdẹ bá wọ Igbó Agbóhùnmì tí kò bọ̀ lásìkò, ìyá rẹ̀ ni yóò lọ sí etí igbó lọ máa ki oríkì rẹ̀. Kì í ṣe ìyàwó rẹ̀, kì í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ̀. Igbó náà a máa gba orúkọ lára ènìyàn, ohùn ìyá nìkan ló sì lè dá a padà. Bí ọdẹ náà bá gbọ́ oríkì rẹ̀ ketekete, á tọ ohùn náà dé ilé. Bí kò bá gbọ́, á máa rìn lọ títí yóò fi gba Odò Àlọ-Rámirámi kọjá, ọ̀rọ̀ bùṣe nìyẹn.

Ẹ̀bi ẹfọ̀n kan ni. Mo yìnbọn fún un, ó gbé ọta mi sára lọ, mo sì tẹ̀lé e wọ Agbóhùnmì bí ẹni tó ń lọ kí àna rẹ̀. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn. Ọdẹ tí kò ṣìnà rí, ẹ̀yìnkùlé ilé rẹ̀ ló ti ń ṣọdẹ. Nínú igbó náà ni àwọn iwin tí wọ́n ń pè ní Akùnbíoyin ń gbé. Wọn kò lẹ́nu, imú ni wọ́n fi ń kùn, híìì, bí wọ́n bá sì ti sún mọ́ ènìyàn, wọ́n á fa orúkọ rẹ̀ mu bí ọmọ ṣe ń fa ọmú. Wọ́n ti fa Ọdẹ́ mu lára mi. Kúnlé ló kù, òun náà ni mo sì ń pariwo rẹ̀ sétí ara mi bí mo ṣe ń sá kiri.

Ní etí igbó, ìyá wa ki oríkì mi títí ohùn rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ya. Agbóhùnmì ń gbé e mì. Súbérù kò lè jókòó, kò lè dúró. Bó bá gbé omi dé ẹnu, á tún gbé e sílẹ̀. Ó mọ̀ pé ohùn ìyá òun ti fẹ́ tán, pé bó bá tán, kò tún sí ẹlòmíràn tó lè pè mí. Ibẹ̀ ló ti rántí ámípù, ẹ̀rọ tí í sọ ohùn kékeré di ńlá. Ó sáré lọ bá Olúọdẹ Ògúnrìndé, olórí àwa ọdẹ, pé kó yọ̀ǹda ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù rẹ̀ kí òun so ámípù mọ́ ọn, kí òun gbé sípíkà sórí rẹ̀.

Ọkọ̀ Olúọdẹ kì í ṣe ọkọ̀ lásán. Osùn ni wọ́n pò mọ́ ọ̀dà pupa tí wọ́n fi kùn ún, wọ́n sì bọ Ògún lórí rẹ̀. Gbogbo ìlú ló mọ òfin ibẹ̀, pé ẹni tó bá họ ọ̀dà yìí, Ògún ló họ, yóò sì fi ọwọ́ rẹ̀ san án.

"Màá fún ọ lọ́kọ̀," Olúọdẹ wí. "Ẹ̀gbọ́n rẹ, ọmọ mi ni. Ṣùgbọ́n Súbérù, bí ọ̀dà yìí bá bó, má wulẹ̀ padà wá sí ìlú yìí."

"Mo gbọ́, Bàbá."

Ọ̀gá tó kọ́ Súbérù níṣẹ́ ti sọ fún un rí pé, "Gbogbo ohun tó bá ń lo iná nínú ọkọ̀, ó ní wáyà tí iná ń gbà wọlé, ó ní wáyà tí iná ń gbà padà sára irin ọkọ̀. Èyí tó ń padà yẹn là ń pè ní ẹ́ẹ̀tì. Irin gidi ni kó o fi lé. Bí ọ̀dà bá wà láàárín wọn, ariwo lo máa gbọ́." Súbérù rántí. Ṣùgbọ́n Olúọdẹ dúró tì í, ó ká apá mọ́ àyà, ojú rẹ̀ kò kúrò lára ọ̀dà. Súbérù bá fi wáyà ẹ́ẹ̀tì lé orí ọ̀dà bẹ́ẹ̀, ó de bóòtù mọ́ ọn pẹ́kí. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ó máa ṣiṣẹ́.

Wáyà méjì mìíràn ló kù. Ọ̀kan nípọn, òun ló ń gbé iná bọ̀ láti ara bátìrì, Súbérù sì fi fíùsì sí i nítòsí bátìrì kí ọkọ̀ má baà jó. Ìkejì tín-ín-rín, òun ló ń gbé ohùn láti inú máìkì lọ sínú ámípù. Olúọdẹ rí wọn nílẹ̀, ó ní, "Kí ni ẹ ń fọ́n okùn kiri ọkọ̀ mi sí? Ọdẹ kì í tú ẹrù ká. Di gbogbo rẹ̀ pọ̀." Okùn tí a fi ń di ẹran ìgbẹ́ ni Súbérù fi dì wọ́n pọ̀, láti orí dé ìdí.

Ó ṣáná sí ọkọ̀, ó wà á dé etí igbó. Ìyá wa gbé máìkì sẹ́nu, ó ní, "Àlàó! Àlàó ọmọ mi!" Sípíkà bú jáde lórí ọkọ̀, ṣùgbọ́n híìì kan ló kọ́kọ́ jáde, ó sì bo ohùn ìyá wa mọ́lẹ̀. Súbérù tẹná mọ́ ọkọ̀ kí iná lè pọ̀ sí i. Híìì gun òkè. Ó yí ámípù sókè kí ohùn ìyá wa lè borí. Bó ṣe ń gbé ìyá wa sókè, bẹ́ẹ̀ ló ń gbé híìì náà sókè.

Kí ni èmi gbọ́ láàárín igbó? Híìì nìkan ni mo gbọ́, èyí tí irú rẹ̀ kò tíì sí rí. Mo ní, yéè, bàbá gbogbo àwọn Akùnbíoyin ló dé yìí! Èmi tí mo ti fi ojú kan ẹkùn rí, mo bẹ́ sí eré.

Nígbà tí wọ́n retí mi tí wọn kò rí mi, ìyá wa wọnú ọkọ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn.

"Wọnú igbó," ó sọ fún Súbérù.

"Ìyá, ọkọ̀ kì í wọ igbó yìí."

"Ọmọ mi wọ̀ ọ́. Tẹná."

Bí wọ́n ṣe wọ Agbóhùnmì nìyẹn. Ẹ má bi mí bí ọkọ̀ ṣe gba àárín igi kọjá. Ibi tí ìyá bá ń wá ọmọ gbà, igi á mọ̀ pé ó yẹ kí òun yà. Àwọn Akùnbíoyin ń tẹ̀lé ọkọ̀ náà lẹ́yìn rẹrẹẹrẹ. Wọ́n rò pé àgbà wọn kan ló ti ìrìn-àjò dé.

Ìlú tí wọ́n kọ́kọ́ dé ni Ìlú Àìjókòó. Kò sí àga kan níbẹ̀. Gbogbo ènìyàn ń rìn. Onígbàjámọ̀ ń fi abẹ lé oníbàárà rẹ̀ kiri, àwọn méjèèjì ń sáré. Ìyàwó ń rọ ẹ̀kọ sí ọkọ lẹ́nu bó ṣe ń kọjá. Ìjòyè gbé ìtẹ́ ọba lórí, ó ń bá ọba kiri bóyá ọba á ráyè fìdí kàn án. Bí wọ́n ti gbọ́ híìì ọkọ̀ Súbérù, ìrìn wọn di eré. Ọba wọn yọ sí Súbérù àti ìyá wa tòun ti òógùn.

"Ta ló ní kí ẹ wá dá kún ìyà wa?" ọba béèrè, ó ń yí ọkọ̀ po. "Bí nǹkan bá ti ń kùn nínú igbó yìí, àwa kò lè jókòó, kò sì sígbà tí nǹkan kì í kùn. Gbọ́ àlọ́ yìí. Ọmọ kan ń bẹ nílé yín tó ń sunkún. Bí ẹ bá sáré, ẹkún rẹ̀ á lọ sókè. Bí ẹ bá rìn jẹ́jẹ́, á sunkún jẹ́jẹ́. Bí ẹ bá kú, á dákẹ́. Ta ni ọmọ náà? Bí o kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ sọ̀ kalẹ̀, kẹ́ ẹ máa bá wa rìn títí ayé."

Súbérù fẹ́ sọ pé ebi ni. Ó fẹ́ sọ pé òjìji ni. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n lórí irin tí a fi ń tẹná, bó sì ṣe ń gbọ̀n ni híìì ń lọ sókè sódò pẹ̀lú rẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ sí i, híìì lọ sókè. Ó gbẹ́sẹ̀, híìì wálẹ̀. Ó ní, "Kábíyèsí, n kò mọ ti ilé wa o, ṣùgbọ́n mo mọ ti ọkọ̀ mi. Kì í ṣe máìkì ló ń ké, kì í sì í ṣe sípíkà. Ẹ́ńjìnnì ni. Ẹ̀rọ kan wà lára rẹ̀ tó ń fún bátìrì lágbára bó ṣe ń yí, ẹkún rẹ̀ ló ń rìn gba inú wáyà wọ inú ohùn ìyá mi."

"Wá pa á," ọba wí.

Súbérù yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì kú. Igbó pa rọ́rọ́. Àwọn Akùnbíoyin tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ pàápàá pa imú dé, wọ́n ń retí ohun tí àgbà wọn fẹ́ sọ. Ọba Àìjókòó wo ilẹ̀, ó wo ìdí ara rẹ̀, ó rọra jókòó. Gbogbo ìlú jókòó tẹ̀lé e. Àwọn arúgbó ń sunkún, wọ́n ń fọwọ́ pa orúnkún wọn.

"Ìyá, ẹ pè é báyìí!" Súbérù kígbe.

Ìyá wa ní, "Àlàó, ọmọ a..." Ibẹ̀ ni sípíkà ti dákẹ́. Bátìrì ọkọ̀ Olúọdẹ ti gbó. Bí ẹ́ńjìnnì kò bá ṣiṣẹ́, kò lè gbé ámípù.

Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ìyẹn o. Níbi tí mo ti ń sá lọ, "Àlàó" kan ṣoṣo bọ́ sí mi létí. Mo dúró. Mo ní, ta ló ń jẹ́ Àlàó? Ó dà bí ẹni pé mo ti mọ ọkùnrin náà níbì kan rí. Mo retí kí wọ́n tún pè é, kí n lè bi í léèrè ọ̀nà.

Wọ́n bẹ àwọn ará ìlú kí wọ́n bá wọn ti ọkọ̀. Ta ni yóò dìde? Ẹni tó kọ́kọ́ jókòó láyé rẹ̀ kì í dìde kíákíá. Ọba nìkan ló dìde, ó ń da omi lójú, ó fi èjìká ti ọkọ̀ títí ẹ́ńjìnnì fi gbà. Bó ti gbà báyìí, híìì! Gbogbo ìlú fò dìde, ìrìn tún bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ń sọ òkò lu ọkọ̀ náà títí ó fi pòórá mọ́ wọn lójú. Èmi náà gbọ́ híìì, mo gbàgbé Àlàó, mo tún gbéra.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Kò pẹ́ tí wọ́n fi bá Ẹlẹ́numéjì, òmìrán tó jókòó dí ọ̀nà pátápátá. Ẹnu méjì ló ní, wọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ọ̀kan ń jẹ òkúta, rọ̀mù rọ̀mù. Èkejì ń kọrin, ṣùgbọ́n ènìyàn kò lè gbọ́ orin náà nítorí òkúta.

"Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni mo ti ń kọ orin yìí," ó wí, ó sì ń sunkún, "ẹnì kan kò gbọ́ ọ rí. Ẹni tó bá jẹ́ kí n gbọ́ orin ara mi, màá jẹ́ kó kọjá. Ẹni tí kò bá lè ṣe é, màá jẹ ẹ́ pẹ̀lú òkúta mi."

Ìyá wa wò ó títí. "Ìwọ ọmọ yìí," ó wí pẹ̀lú ohùn tó ti há, "ta ló kó ẹnu méjèèjì sójú kan fún ọ? Gbé ẹnu tó ń jẹun lọ sẹ́yìn."

Súbérù gun orúnkún òmìrán náà, ó gun èjìká rẹ̀, ó di ẹnu tó ń jẹ òkúta mú bí ẹni di fìlà mú, ó sì yí i títí ó fi dé ìpàkọ́. Ẹnu náà ń jẹ òkúta rẹ̀ lọ lẹ́yìn lọ́hùn-ún. Orin wá jáde níwájú geerege, orin tí a fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Ẹlẹ́numéjì gbọ́ ọ, ó fọwọ́ bo ojú.

Nígbà tó ṣe, ó ní, "Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ fún yín. Mo rí ọmọ yín tó kọjá níbí. Ẹ̀yin ló ń sá fún. Ohùn ọkọ̀ yín jọ ti àwọn afòrúkọmu yẹn, bí ẹ bá ti ń yára lé e ni òun náà ń yára sá. Ó ti sún mọ́ Àlọ-Rámirámi."

Súbérù káwọ́ lérí. Gbogbo bó ṣe ń tẹná láti ìgbà yìí, òun ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sínú odò! Ó yí ojú sí ìdì wáyà tó wà nínú ọkọ̀, ó rí wáyà iná àti wáyà ohùn tí wọ́n dì mọ́ra, ẹnu òkúta àti ẹnu orin. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Ohùn tó bá pẹ́ lára iná á máa kùn bí iná. Ó gé okùn ọdẹ náà. Ó fa wáyà iná gba apá òsì ọkọ̀, ó fa wáyà ohùn gba apá ọ̀tún, ó rí i pé wọn kò fara kan ara wọn mọ́. Ó ṣáná. Híìì ti dín kù. Ṣùgbọ́n kò tán.

Ó ń wakọ̀ lọ jẹ́jẹ́, ọkàn rẹ̀ ń sáré ju ọkọ̀ lọ. Ó yí ámípù wálẹ̀ díẹ̀, híìì ṣì wà níbẹ̀. Ó dúró, ó tún bóòtù fún, híìì ṣì wà níbẹ̀. Ó nu sípíkà tí kò dọ̀tí. Ó ṣe bísímílà sí máìkì. Gbogbo ohun tó yẹ kó ṣe àti èyí tí kò yẹ ló ṣe, àyàfi ohun kan. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, ó sì mọ ibi tí ẹ̀tẹ̀ náà wà; àtìgbà tí wọ́n ti kúrò nílé ni kò ti fẹ́ wo apá ibẹ̀.

Ìyá wa ti ń fọhùn bí ẹni tí ọ̀fun rẹ̀ kún fún iyanrìn. Ó di ọwọ́ Súbérù mú.

"Kí ló kù?"

Súbérù tún fẹ́ nu sípíkà.

"Mo ní kí ló kù, Súbérù?"

"Ọ̀dà ni, Ìyá. Ọ̀dà Olúọdẹ ló wà láàárín wáyà àti irin ọkọ̀. Mo ti mọ̀ láti ilé."

"O ti mọ̀ láti ilé?"

"Wọ́n ní ẹni tó bá họ ọ́, Ògún á gba ọwọ́ rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí, Ìyá. Kí ni rewáyà fẹ́ ṣe láìlọ́wọ́?"

Inú bí ìyá wa. Súbérù sọ fún mi pé òun kò rí i kó bínú bẹ́ẹ̀ rí, kó tó di ọjọ́ náà àti lẹ́yìn rẹ̀. Àmọ́ kò pariwo, nítorí kò ní ohùn tí yóò fi ṣòfò.

"Kí ni Ògún?" ó bi í.

"Irin ni, Ìyá."

"Kí ló wà lábẹ́ ọ̀dà yẹn?"

"Irin ni."

"Ṣé ọ̀dà lẹ wá ń bọ? Mú ọ̀bẹ wá."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n fi ọwọ́ tèmi họ ọ́. Èmi ni mo jẹ̀bi."

"Rárá. Ọwọ́ tìrẹ la ó fi so wáyà. Tèmi ti darúgbó. Bí Ògún bá fẹ́ gba ọwọ́, kó gba èyí."

Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ìyá wa kúnlẹ̀ nínú ọkọ̀, ó tú bóòtù, ó fi ọ̀bẹ lé ọ̀dà, ó ń họ ọ́. Súbérù di ojú. Ó ń retí kí ààrá sán, kó gbọ́ igbe. Kó gbọ́ nǹkan kan lẹ́yìn kẹ̀rẹ́ kẹ̀rẹ́ ọ̀bẹ. Nígbà tó lajú, irin funfun ń dán níbẹ̀, ìka ìyá wa sì pé lọ́wọ́ rẹ̀. Súbérù fi bàbà wáyà lé irin náà ní tààrà, ó de bóòtù lé e, ó ṣáná.

Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó tẹná títí, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó ní, "Yéè, ámípù ti jó!" Ó fẹ́ máa sunkún. Ìgbà náà ni ìyá wa gbé máìkì sí ẹnu, kò sì tíì sọ̀rọ̀. Èémí rẹ̀ ló kọ́kọ́ jáde. Gbogbo igbó gbọ́ ọ bó ṣe mí.

Èmi ti wọ odò dé orúnkún. Omi náà kò tutù, kò gbóná, ó sì dùn mọ́ mi lẹ́sẹ̀ nítorí ó ti rẹ̀ mí. Kúnlé tí mò ń sọ sétí ara mi ti tán lẹ́nu mi. Mo gbọ́ tí ẹnì kan mí lẹ́yìn mi, mo mọ èémí náà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ, nígbà tí wọ́n ń pọ̀n mí. Ìyá wa wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ohùn tó kù fún un kò ju èyí tí ènìyàn fi ń sọ̀rọ̀ àṣírí lọ, ámípù sì gbé e dé ọ̀dọ̀ mi bó ṣe rí gan-an:

"Àlàó, Ọdẹ́kúnlé,
ọmọ a-gbóhùn-ẹran-kó-tó-rẹ́sẹ̀-ẹran,
ọmọ tí mo bí lọ́jọ́ òjò tí òrùlé ń jò,
tí mo ká gèlè gba omi kó má kán sí i lórí.
Àlàó, ọbẹ̀ rẹ ti ń tutù. Wá ilé."

Ọdẹ́ padà wá bá Kúnlé lára mi, Àlàó padà wá bá àwọn méjèèjì. Àwọn Akùnbíoyin gbọ́ ohùn tí kò ní híìì nínú, wọ́n mọ̀ pé ẹni yìí kì í ṣe ará àwọn, wọ́n túká. Mo jáde nínú odò, mo sáré tọ ohùn náà lọ. Bí mo ṣe dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ìyá wa sọ̀ kalẹ̀, ó gbá mi létí gbàmù, ó wá dì mọ́ mi. Súbérù di àwa méjèèjì mú, ó ń sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dárí jì mí, èmi ni mò ń lé yín." N kò mọ ohun tó ń sọ. Mo ṣáà ń sunkún. Ẹ̀yin ẹ rẹ́rìn-ín! Ọdẹ náà ní omi lójú.

Nígbà tí a délé, Olúọdẹ kí mi kú ewu, ojú rẹ̀ sì bọ́ sí ibi tí ọ̀dà ti bó.

"Ta ló họ ọkọ̀ mi?"

"Èmi ni, Bàbá," Súbérù wí, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú.

Ìyá wa tì í sẹ́yìn, ó gbé ọwọ́ tirẹ̀ sókè. Ó la ẹnu, ohùn kankan kò jáde. Ó kàn tọ́ka sí irin náà, ó tọ́ka sí èmi. Olúọdẹ wo èmi, ó wo irin. Ó wá bẹ̀rẹ̀, ó fi ahọ́n kan irin náà bí a ṣe máa ń ṣe tí a bá ń fi Ògún búra, ó ní, "Ọ̀dà kò gbọdọ̀ kan ibí yìí mọ́." Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Títí dòní, ọdẹ tó bá ń lọ sí Agbóhùnmì á kọ́kọ́ fi ọwọ́ kan ibẹ̀.

Ohùn ìyá wa kò padà mọ́. Gbogbo èyí tó kù fún un ló ná lé mi lórí lọ́jọ́ náà. Wúyẹ́wúyẹ́ ló ń sọ títí ó fi lọ, àwọn ará abúlé kejì kò sì tún mọ ọjọ́ tó se ọbẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n mo fi irin búra fún yín, bó bá sọ "Àlàó" nínú yàrá rẹ̀, èmi tí mo wà lóko á gbé àdá sílẹ̀, màá ní, "Ìyá, mò ń bọ̀."

Tìámíyù, dìde. Gbé ọ̀bẹ wá, ká wo ibi tí wáyà ẹ́ẹ̀tì rẹ dúró lé. Bóyá ìyá rẹ ti ń pè ọ́ láti àárọ̀.